Ohun Tí Àbúrò Mi Sọ fún Jagun Òdodo

Àbúrò mi ọkùnrin kò pè mí ní Àǹtí mọ́. Ìyá Ramọ́tà ló ń pè mí báyìí, bí àwọn ayálégbé ṣe ń pè mí, bí ẹni pé ilé ọkọ nìkan ló ti mọ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bí ẹ bá ní àbúrò tí ẹ fi ẹ̀yìn yín pọ̀n, tí ẹ wẹ̀ fún, tí ẹ fún lóúnjẹ, ẹ ó mọ bí ó ṣe ń dùn mí tó. Múfú kò bú mi. Kò sọ ohun búburú kankan sí mi. Ó kàn gbé ọwọ́ òsì sókè kí mi lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó ní Ìjù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò sí mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ike ló gé e ní ọrùn ọwọ́. Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ó ti sọ ọ́ fún mi kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ló fi sọ ọ́ létí mi, tí mo sì ń fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Mo kọ ọ́, n kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sáré sọ ọ́ fún yín báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Nígbà tí bàbá wa kú ní Ọ̀yọ́, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ọdún tí wọ́n bí wa, lórí ẹni tó kọ́ yàrá ẹ̀yìn, lórí ohun tí bàbá sọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó lè sọ ọ́ ní pàtó. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń wo bí ohun tí a jẹ́ ṣe ń sọnù lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé nínú ilé tèmi, nǹkan kan kò ní sọnù. Mo kọ́ ara mi ní ìwé kíkọ dáadáa, mo ń da ọ̀rọ̀ inú ìwé àwọn ọmọ mi kọ títí ọwọ́ mi fi mọ́. Ìwé àti bírò náà ni mo ń tà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ilo-Awela, nítorí náà ohun ìkọ̀wé kò wọ́n mi rí. Ìwé ńlá mọ́kànlá ni mo ti kọ kún. Mo fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé. Bírò búlúù ni mo fi ń kọ ìbí àti ìrìn àjò àti ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín, bírò pupa ni mo fi ń kọ àìsàn àti ikú. Bí ẹ bá bi mí léèrè ọjọ́ tí Ramọ́tà kọ́kọ́ rìn, tàbí ohun tí ìyá ọkọ mi sọ gbẹ̀yìn kí ó tó dákẹ́, màá ṣí i fún yín ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ mí mọ́ ọn, bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká lọ bi Ìyá Ramọ́tà, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń wú mi lórí. Mo rò pé ẹni tó bá ti kọ nǹkan sílẹ̀ ti mọ nǹkan náà nìyẹn.

Múfú ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú nídìí rẹ̀, mo sì bẹ ọkọ mi pé kí ó bá wa wá nǹkan fún un ní Ṣàngó níbí. Ọkọ mi, Bàbá Ramọ́tà, ni súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ ike àlòkù: kẹ́ẹ̀gì tó ti jò, àga ike tó ti ṣẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú àpò fún àwọn tó fẹ́ fi í ṣe tuntun. Ọkọ mi kò jiyàn. Ó mú Múfú wọ iṣẹ́, ó fún un ní yàrá kan nínú ilé wa, inú àwo kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bọ̀ọ̀dá ni Múfú ń pè é. Tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ẹni tó ń gbé nínú ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó tún ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé ọkùnrin náà ló ń ti òun sínú ewu? Ta ni yóò tilẹ̀ sọ ọ́ fún? Ṣé èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀?

Tísà Kọ́lé tó gba yàrá iwájú ló kó eré náà wọ ilé wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní ọ̀nà Ìjù, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Dáìsì lúdò la fi ń ṣe eré náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lúdò. Ìtàn ni. Tísà ni apìtàn. Yóò sọ pé, inú igbó la wà yìí, òjò ń ṣú, ẹnu ihò kan rèé níwájú yín. Olúkúlùkù wa ti mú ẹni kan tí yóò jẹ́ nínú ìtàn náà. A ó sọ ohun tí ẹni yẹn fẹ́ ṣe, a ó ju dáìsì, bí ó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó yọrí, bí ó bá kéré, wàhálà dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe é, tí Tísà bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwa náà sì ti kírun Àílà. A ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù. Ṣakírátù aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ló ń jẹ́ olè. Múfú ń jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọkọ mi kì í bá wa jókòó. Ó ní àgbàlagbà tó bá jókòó sórí ẹní tó ń pe ara rẹ̀ ní olè, kí wọ́n tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Òfin kan wà tí gbogbo wa fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lórí ẹní yẹn, ẹni inú ìtàn ló sọ ọ́. A kò gbọdọ̀ bi í nípa rẹ̀ tí a bá ti ká ẹní. Ṣakírátù ló béèrè fún un, nítorí ó fẹ́ máa jalè nínú ìtàn láìjẹ́ pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ka yáàdì aṣọ wọn lẹ́yìn náà. A rẹ́rìn-ín, a sì gbà. N kò mọ̀ pé Múfú fetí sí òfin náà ju gbogbo wa lọ.

Ní tèmi, akọ̀wé ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Mo ń jókòó tì wọ́n, mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé bí mo ṣe ń kọ gbogbo nǹkan ilé. Nígbà tó yá, Tísà ní kí èmi náà mú ẹnìkan. Ó ní ẹni tó yẹ mí ni jagunjagun Ọlọ́run, ẹni tó ń gbé idà, tó ń gba aláìlágbára sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí òfin kan so mọ́lẹ̀. Ó ní inú òfin yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Tí ó bá rú u lẹ́ẹ̀kan, idà rẹ̀ á di igi lásán. Ó ní kí n kọ òfin náà fúnra mi. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo pe jagunjagun mi ní Jagun Òdodo, mo sì kọ ọ́ pé Jagun kì í purọ́, kì í gba ọpẹ́, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni nínú ewu àyàfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tísà kà á, ó wò mí. Ó ní, “Ìyá Ramọ́tà, irú jagunjagun wo rèé? Àwọn tí mo mọ̀ kì í bi ẹni tó ń rì sómi ní ìbéèrè.”

Mo ní, “Tèmi á bi í.”

Ṣakírátù ní, “Ẹni yẹn á ti mu omi yó kí ẹ tó parí ìbéèrè, mà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ pé òfin tí mo fi ń tọ́ ọmọ ni mo kọ sílẹ̀ yẹn? Èwo nínú wa ni kò ṣe é rí? Ọmọ á sunkún wọlé pé wọ́n lu òun, kí a tó wo ojú tó wú, ohun tí a máa kọ́kọ́ bi í ni pé, kí nìwọ náà ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe tọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ Múfú. Mo fún Jagun ní òfin yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ mi máa ń yá tí ó bá kàn mí. Ohùn mi máa ń yí padà. Tísà sọ pé òun kò rí ẹni tó di ẹni inú ìtàn mú bí èmi ṣe di Jagun mú.

Bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé Múfú kúrò nídìí àpò gbígbé, wọ́n gbé e sídìí ẹ̀rọ ìlọ-ike. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, kò dágbére fún ẹnì kankan. A kí Múfú kú oríire nílé. Lọ́sẹ̀ náà, mo rí i níta tí ó ń fi àlùmọ́gàjí mi gé apá méjèèjì ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò títí dé èjìká. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ooru ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Múfú gé apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní ooru ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Tí ó bá ń jẹun, ó máa ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, nígbà tí ó kan alágbẹ̀dẹ, Múfú sọ fún Tísà pé alágbẹ̀dẹ òun ti ríṣẹ́ sínú àgbàlá baálẹ̀ kan. Ó ní ẹranko kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin, òun ló ń bọ́ ọ láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Inú Tísà dùn, nítorí ó fẹ́ràn kí àwa náà máa fi nǹkan kún ìtàn. Múfú wá yíjú sí mi. Ó ní, “Jagun, ẹ̀rù ẹranko yìí ń bà mí. Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀.” Mo na ẹ̀yìn mi tọ́, mo sì fi ohùn Jagun bi í pé kí ni ẹ̀bi tirẹ̀. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Mo ní kò sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ó lọ rò ó wò. Jagun bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gbé e dé. Ó ní ìlẹ̀kùn irin kan wà lẹ́nu ẹranko náà, pé tí wọ́n bá ṣí i, ńṣe ló yẹ kí ẹranko náà sùn lójú ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè nu ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi okùn so ìlẹ̀kùn náà ní ṣíṣí, nítorí wọ́n ní ẹranko náà ń sùn jù, iṣẹ́ ń falẹ̀. Tí egungun bá há a lẹ́nu, ọwọ́ lòun fi ń yọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Ṣakírátù ní kí ó lọ jí ọ̀bẹ kó gé okùn náà, pé òun á kọ́ ọ ní olè jíjà láìgba nǹkan kan. Múfú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè gé okùn tí ẹni tó ń fún òun lóúnjẹ so. Ó tún wò mí, ó ní kí Jagun gba òun. Mo béèrè ẹ̀bi rẹ̀. Ó gbé dáìsì fún ẹni tó kàn.

Ṣé ẹ̀yin ti rí i? Ẹ ti rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á báyìí á rí i. Èmi tí mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn ni pé àbúrò mi ti ń mọ ìtàn pa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dúró kí ó kàn án. Ó ní ẹranko náà ti gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ òun lánàá, pé òun rí i bí ó ṣe jẹ ẹ́ láìtú nǹkan kan jáde. Ó ní òun ti rí ẹ̀bi òun. Ẹ̀bi òun ni pé òun mọ ẹni tó so okùn náà, òun kò sì lè dárúkọ rẹ̀. Tísà gbé orí sókè. Ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó dà bíi pé ìyẹn tó, kí Jagun ju dáìsì. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ìdajì ìjẹ́wọ́ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ lọ, kí ó padà wá nígbà tí ó bá ṣetán láti dárúkọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló gbẹ̀yìn. Òjò ti ṣú, gbogbo wa ń retí kí ó rọ̀ kí a ká ẹní. Múfú ní alágbẹ̀dẹ ti kúnlẹ̀ níwájú Jagun, òun fúnra rẹ̀ náà sì kúnlẹ̀ lórí ẹní ní tòótọ́. Mo ní kí ó dárúkọ ẹni tó so okùn. Ó la ẹnu. Àkókò yẹn ni ọkọ mi jáde láti inú ilé pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá Àlàásárì. Ó dúró díẹ̀, ó bi wá pẹ̀lú ẹ̀rín pé, “Ta lẹ tún ń dá lẹ́jọ́ lónìí?” Múfú wo ọkọ mi, ó wo ilẹ̀, ó pa ẹnu dé. Mo dúró dè é. Mo wá sọ ọ́, ohùn mi mọ́ gaara, pé, “Bí o kò bá lè dárúkọ rẹ̀, Jagun kò lè gbà ọ́.”

Ó dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Kò burú, Àǹtí mi.” Ìgbà ìkẹyìn tó pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń to pẹ́ńsù sínú agolo ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró, tí ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ó ní kí n mú híjáàbù mi ká lọ. N kò bi í ní nǹkan kan, nítorí ojú rẹ̀ ti sọ pé Múfú ni. Ní ọsibítù, wọ́n ní kẹ́ẹ̀gì kan ló há sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ láti yọ ọ́. Ọkọ mi jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó ń sọ ohun kan náà léraléra pé ọmọ yìí kò fọkàn sí iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè mú bírò pupa. Mo ṣí ìwé kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbi tó yẹ. Kí n tó kọ, mo ka ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀. Ìtàn ọjọ́ Àìkú ló wà níbẹ̀. Mo ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo ṣí ti èyí tó ṣáájú ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára: ẹnu irin, ìlẹ̀kùn tí wọ́n so ní ṣíṣí, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, ìbọ̀wọ́. Kódà mo fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti sọ pé Jagun kò lè gbà á, nítorí mo rò pé ó dùn gbọ́.

Mo lọ bá ọkọ mi nínú yàrá, mo bi í pé ta ló fi okùn so ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Kò gbé orí sókè kúrò nídìí bàtà tó ń nù. Ó ní, “Kì í ṣe okùn. Wáyà ni.” Ó wá ju bàtà sílẹ̀, ó ní ta ló sọ fún mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ kí iye àpò kan jáde lójoojúmọ́, pé bí ẹ̀rọ bá ń dúró ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìlẹ̀kùn, kò lè jáde. Ó ní kò sí súpáfáísọ̀ tí kì í ṣe é. Ó ní òun sọ fún Múfú pé kí ó máa lo igi, kí ó má fi ọwọ́ kàn án. Ó ní bí òun bá sọ òtítọ́, òun nìkan ni wọ́n máa di ẹ̀bi náà rù, wọ́n á lé òun, Ramọ́tà á sì jáde nílé-ìwé. Ó sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí láti ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti ń gbé pọ̀, ó sì kan mí lára.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ló nira fún mi jù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin méjì wá láti ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú fáìlì. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ kí mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ìwà tí Múfú ń hù nílé. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá ó máa ń fọkàn sí nǹkan. Mo sọ fún wọn pé ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn eré, ọkàn rẹ̀ sì máa ń lọ sínú ìtàn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún un kà fún mi kí n lè sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ti ẹjọ́ náà pa, pé òṣìṣẹ́ náà ló ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nítorí àìfọkànsí, àní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Múfú kò padà sílé wa láti ọsibítù. Tísà ló bá a wá yàrá sí Ìjù. Tísà náà kì í jókòó sábẹ́ igi mọ́, a kàn máa ń kí ara wa ni. Ṣakírátù nìkan ló bá mi sọ ọ́. Ó ní, “Gbogbo wa la gbọ́ ọ, mà. Gbogbo wa la rò pé eré ni.” Ó fẹ́ fi tù mí nínú, kò sì mọ̀ pé ohun tí mo ṣe lẹ́yìn eré ló burú jù.

Mo lọ sí Ìjù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbà mí lálejò, ó fún mi lómi pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ní Ìyá Ramọ́tà, ẹ kú ìrìn. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Mo sọ fún un pé mo ti ka ìwé náà, pé mo ti mọ ohun tó ń sọ fún mi, pé kí ó foríjì mí nítorí n kò mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé iṣẹ́ wá, ṣé ẹ ò tíì mọ̀ ni?” Mo dìde, mo wọ bàtà mi. Ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì dúró títí tó fi gbéra.

Ìbá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀, ǹ bá máa sunkún mi nìkan. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ òní, bí mo ṣe ń ti mọ́sálásí bọ̀, Bàbá Ìdáyàt pàdé mi lọ́nà. Ará Ìkìrun ni, ọmọ mẹ́rin ló ní, ó ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọ̀nà. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, pé ọkọ mi ti mú òun wọ iṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìlọ-ike náà gan-an ni wọ́n fi òun sí. Mo ti bi ọkọ mi lánàá, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn síbẹ̀, bóyá wọ́n ti yọ wáyà yẹn. Ó ní wọ́n ní àwọn máa ra ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ tuntun, ó sì yí ojú kúrò. Mo mọ̀ ọ́n tí ó bá yí ojú kúrò báyẹn. Ẹ sì mọ ohun tí mo sọ fún Bàbá Ìdáyàt? Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó bá yín lára mu. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní àmín.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti jókòó láti ìgbà náà, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Bí mo bá sọ fún un, yóò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, ọ̀rọ̀ á sì débi tí ọkọ mi wà, n kò sì mọ̀ bóyá ilé mi á ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, mo ti rí ohun tí ìdákẹ́ mi máa ń fà. Ẹ bá mi sọ ọ́: báwo ni obìnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìdáyàt ni, àbí ọ̀dọ̀ ọkọ mi kí n sọ fún un pé mo ń lọ? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.